Gentoo lórí láptọ́ọ̀pù 8GB tí bátìrì rẹ̀ ti kú: kọ̀ǹpáìlì kì í parí, iná sì ń ba fáìlì jẹ́

ỌmọÌsánlú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kún o. Ẹ kú iṣẹ́.

Láptọ́ọ̀pù kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìsánlú tí a fi ń tẹ ìwé, tí a sì fi ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gentoo, irú Linux tó ń kọ̀ǹpáìlì ohun èlò (ìyẹn ni pé ó ń sọ kóòdù wọn di èyí tó ń ṣiṣẹ́) lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ló wà lórí rẹ̀, mo sì fẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé kí n fi Ubuntu rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ń fa wàhálà yìí, àti ohun tó yẹ kí n yàn.

Ẹ̀rọ náà jẹ́ Core i5-3320M (kọ́ọ̀ méjì, tírẹ́ẹ̀dì mẹ́rin), RAM 8GB, SSD 240GB, kò sí swap (àyè orí dísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́). Bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá, nítorí náà bí iná bá lọ, òun náà kú lójú ẹsẹ̀. Profile rẹ̀ ni `default/linux/amd64/23.0/desktop`, OpenRC (init, ìyẹn ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà búùtù) pẹ̀lú XFCE (ojú tábìlì). Gentoo-sources ni kernel (ọkàn Linux) rẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ṣètò rẹ̀. Dátà fóònù la fi ń dáńlóòdù.

Inú make.conf:

```
COMMON_FLAGS="-march=native -O2 -pipe"
MAKEOPTS="-j8"
FEATURES="-merge-sync"
```

Inú fstab:

```
UUID=...  /                 ext4   noatime,barrier=0   0 1
tmpfs     /var/tmp/portage  tmpfs  size=6G,uid=portage,gid=portage,mode=775  0 0
```

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Webkit-gtk, àkójọ kóòdù ńlá tí àwọn ohun èlò fi ń ṣí ojúlé, kì í parí. Fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ń dúró sí, àṣìṣe kan náà ló sì máa ń sọ:

```
c++: fatal error: Killed signal terminated program cc1plus
```

Bí iná bá lọ nígbà tí emerge (àṣẹ Portage, alábòójútó pákéèjì Gentoo) ń ṣiṣẹ́, tí a bá tún tan ẹ̀rọ, àwọn ohun èlò kan kì í ṣí mọ́: `error while loading shared libraries: libpng16.so.16: file too short`. Nígbà mìíràn mo máa ń rí `Clock skew detected. Your build may be incomplete`, dáńlóòdù á sì sọ pé ìwé ẹ̀rí ojúlé náà kò tíì tó àkókò. WiFi kò sí rárá. `dmesg` (àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ) ń sọ pé `iwlwifi: no suitable firmware found!`

Ṣé systemd, init mìíràn, ló yẹ kí n kó lọ sí? Kernel wo ló dára? Ǹjẹ́ Chromium ṣeé kọ̀ǹpáìlì lórí irú ẹ̀rọ yìí?

---

Ẹ̀gbọ́nOwé

Àbúrò, ọ̀kún o. Má tíì fọwọ́ kan init. Nínú gbogbo ohun tó o kọ sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi OpenRC. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti cc1plus.

Kóòdù webkit-gtk kò ní àrùn kankan. Kernel ló pa cc1plus (apá gcc tó ń kọ̀ǹpáìlì C++) nítorí pé RAM ti tán. Fi èyí wádìí rẹ̀:

```
dmesg -T | grep -iE 'out of memory|killed process'
```

Bí o bá rí `Out of memory: Killed process` tí orúkọ cc1plus sì tẹ̀ lé e, o ti rí apànìyàn náà. Wo ìṣirò rẹ̀: fún kóòdù C++ ńlá, ka 2GB sí ọrùn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí `-j` bá gbé dìde. `-j8` lè béèrè 16GB, 8GB lo sì ní. Tmpfs 6GB tó o gbé lé /var/tmp/portage, inú RAM kan náà ló ti ń jẹ. Bí fáìlì .o (abala tí a ti kọ̀ǹpáìlì) bá ṣe ń pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè cc1plus ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí kì í fi kú síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. XFCE àti bíráúsà tó ṣí sílẹ̀ tún mú tiwọn.

Nítorí náà, yọ ìlà tmpfs yẹn kúrò nínú fstab, kí iṣẹ́ máa lọ lórí SSD. Ariwo pé tmpfs ń jẹ́ kí kọ̀ǹpáìlì yára, ẹni tó ní RAM 32GB ló wà fún. Lẹ́yìn náà:

```
MAKEOPTS="-j3 -l4"
```

`-l4` ń sọ fún make pé kó má gbé iṣẹ́ tuntun dìde bí ẹrù ẹ̀rọ bá ti kọjá 4. Má sì fi `--jobs` kún emerge, torí pé ńṣe ló ń sọ `-j` di ìlọ́po: `--jobs=2` pẹ̀lú `-j3` lè di iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà.

Dá swap 8GB. Lórí ext4:

```
dd if=/dev/zero of=/swapfile bs=1M count=8192 status=progress
chmod 600 /swapfile
mkswap /swapfile
swapon /swapfile
```

kí o sì fi `/swapfile none swap sw 0 0` sínú fstab. Swap kò ní mú iṣẹ́ yára o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ìlínkì ìkẹyìn, tó máa ń gba RAM jù, bá dé, ẹ̀rọ á ní ibi tí yóò gbé ẹrù tó kù sí.

Fún àwọn pákéèjì tó wúwo jù, má dín `-j` gbogbo ẹ̀rọ kù nítorí tiwọn. Package.env wà fún un:

```
# /etc/portage/env/die.conf
MAKEOPTS="-j1"

# /etc/portage/package.env/wuwo
net-libs/webkit-gtk die.conf
dev-qt/qtwebengine die.conf
```

Àwọn méjèèjì yìí tún ní USE (ìyàn tí a lè tàn tàbí pa lórí pákéèjì) kan tí wọ́n ń pè ní jumbo-build. Ó ń da ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀ sójú kan kí kọ̀ǹpáìlì lè yára, ṣùgbọ́n RAM tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ á pọ̀ sí i. Bí `-j1` náà bá kú, kọ `net-libs/webkit-gtk -jumbo-build` sínú package.use. Yóò pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ yóò parí.

Kí o tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn pàápàá, wádìí ẹni tó pe webkit-gtk wá. XFCE fúnra rẹ̀ kò nílò rẹ̀:

```
equery depends net-libs/webkit-gtk
```

Bó bá jẹ́ ohun èlò kan tí ẹnikẹ́ni kì í lò ní ṣọ́ọ̀bù ló fà á wá, yọ ohun èlò yẹn, kí o ṣe `emerge --ask --depclean`, ọ̀rọ̀ webkit á parí síbẹ̀.

Nǹkan kan kù. Bó bá jẹ́ `internal compiler error: Segmentation fault` lo rí, tó sì ń ṣí kiri láti fáìlì kan sí òmíràn, ìyẹn kì í ṣe RAM tó tán. Ó lè jẹ́ páálí RAM tó ti bàjẹ́, tàbí ooru. Fi memtest86+ yẹ RAM wò, kí o sì máa wo `sensors` nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Eruku ọyẹ́ máa ń dí fáànù láptọ́ọ̀pù lágbègbè wa, ìgbà ooru tó bá tẹ̀ lé e ló sì máa ń hàn. Fífọ fáànù àti pípààrọ̀ ìpara ooru (thermal paste) orí CPU máa ń tán an.

---

MọpàTerminal

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n ti mú ti RAM. Ẹ jẹ́ kí n mú ti iná, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí fún ẹ̀rọ yìí.

"File too short" túmọ̀ sí pé fáìlì wà ní orúkọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo tàbí kò pé. Bí Portage bá ń gbé pákéèjì sórí ẹ̀rọ, inú RAM ni ohun tó kọ máa ń kọ́kọ́ wà kó tó dé orí dísìkì. Bí iná bá lọ láàárín, orúkọ fáìlì lè ti wọlé kí ohun inú rẹ̀ má tíì wọlé. Àwọn tó kọ Portage mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí merge-sync fi wà ní títàn láti ilẹ̀: bó bá gbé pákéèjì kan tán, á rí i dájú pé àwọn fáìlì rẹ̀ dé orí dísìkì. Ẹ̀yin ti pa á. Lórí rẹ̀, `barrier=0` inú fstab ń sọ fún ext4 pé kó má fi dandan lé e fún SSD láti kọ nǹkan ní ìtòtẹ̀léra. Àwọn méjèèjì wà nínú àwọn ìmọ̀ràn "bí ẹ̀rọ rẹ ṣe lè yára" tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì yẹ ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì rárá. Ẹ yọ wọn lónìí:

```
mount -o remount,barrier=1 /
```

Ẹ pa `barrier=0` rẹ́ nínú fstab, ẹ pa ìlà FEATURES yẹn rẹ́, kí ẹ sì wò ó pé ó ti padà:

```
emerge --info | grep -o merge-sync
```

Ext4 tí ẹ ń lò dára, ẹ má yí i padà.

Ní báyìí, ẹ wá gbogbo ohun tó ti bàjẹ́, kì í ṣe libpng nìkan. `qcheck` wà nínú app-portage/portage-utils; ó ń fi fáìlì kọ̀ọ̀kan wé àkọsílẹ̀ tí Portage ní nípa rẹ̀:

```
qcheck -B
find /usr/lib64 -type f -name '*.so*' -size 0
```

Àwọn fáìlì /etc tí ẹ fọwọ́ yí padà á jáde nínú qcheck, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Àwọn tó wà lábẹ́ /usr ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá rí fáìlì kan tí ẹ ò mọ pákéèjì tó ni ín, `qfile /usr/lib64/libpng16.so.16` á sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, `emerge --oneshot media-libs/libpng`. Ẹ má gbàgbé `--oneshot`, kí ó má bàa wọ inú fáìlì world (àkójọ ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín yàn).

Nípa iṣẹ́ tí iná gé sí méjì: `emerge --resume` á bẹ̀rẹ̀ pákéèjì tó wà lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún pákéèjì ńlá, ìyẹn ń dunni gan-an. Bí ẹ bá ti yọ tmpfs (tmpfs á ti kú pẹ̀lú iná, iṣẹ́ á sì ti ṣòfò), fódà iṣẹ́ ṣì wà lórí SSD, ẹ lè máa bá a lọ láti ibi tó dé:

```
find /var/tmp/portage/net-libs/webkit-gtk-*/work -name '*.o' -size 0 -delete
ebuild $(equery which net-libs/webkit-gtk) merge
emerge --resume --skipfirst
```

Ìlà àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì gidigidi. Bí fáìlì .o kan bá ṣófo, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì jẹ́ tuntun, make tàbí ninja lè gbà pé ó ti ṣe tán, ìlínkì á sì kú níkẹyìn pẹ̀lú àṣìṣe tí kò yé èèyàn. Ẹ rí i dájú pé ẹ ò tíì ṣe sync (mímú àkójọ pákéèjì tuntun wá) láàárín, torí bí ẹ̀dà tuntun bá ti wọlé, `equery which` á tọ́ka sí òmíràn.

Ccache náà á ràn yín lọ́wọ́, torí ohun tó bá ti kọ̀ǹpáìlì tán kì í bá iná lọ. Ẹ gbé dev-util/ccache sórí ẹ̀rọ, kí ẹ fi èyí kún make.conf:

```
FEATURES="ccache"
CCACHE_DIR="/var/cache/ccache"
```

Fódà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ portage, kó sì ní àṣẹ 2775. Ẹ kọ `max_size = 10.0G` sínú /var/cache/ccache/ccache.conf.

Ti àago wá kù. Bí ọjọ́ bá ń padà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá yọ wáyà iná, bátìrì kékeré tó wà lórí pátákó ẹ̀rọ ló ti kú. CR2032 ni ó sábà máa ń jẹ́. Nínú láptọ́ọ̀pù ó máa ń ní wáyà méjì lára, ẹ ra èyí tó ti ní wáyà. Ẹ fi èyí dán an wò lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti wà ní pípa fún wákàtí díẹ̀:

```
hwclock --show; date
```

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé make ń fi àkókò fáìlì pinnu èyí tó yẹ kó tún ṣe. Bí àago bá padà sẹ́yìn, àwọn fáìlì àná á dà bí èyí tí a kọ lọ́la, make ò sì ní mọ èyí tó pẹ́ jù. HTTPS náà á kọ̀, torí lójú ẹ̀rọ yín ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí bátìrì tuntun tó dé, net-misc/chrony lè máa tún àago ṣe bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé. NTP (ọ̀nà gbígba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì) lásán kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan. Ẹ fi `makestep 1.0 3` sínú /etc/chrony/chrony.conf, kí ẹ ṣe `rc-update add chronyd default`. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ emerge kankan kí `date` tó tọ́. Iṣẹ́ tó bá ti bá clock skew pàdé, ẹ má gbìyànjú àtitún un ṣe. Ẹ pa fódà rẹ̀ rẹ́ kúrò ní /var/tmp/portage, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́tun.

---

ỌmọÌsánlú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. `dmesg` fi `Out of memory` hàn lóòótọ́. Mo ti yọ tmpfs, barrier=0 àti -merge-sync, swap sì ti wà.

`qcheck -B` mú libpng àti dev-libs/mpfr jáde. Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí nìyí: mpfr tó bàjẹ́ kò jẹ́ kí gcc ṣiṣẹ́ mọ́. `cc1: error while loading shared libraries: libmpfr.so.6: file too short`. N ò lè kọ̀ǹpáìlì mpfr torí gcc, gcc ò lè ṣiṣẹ́ torí mpfr.

---

ẸgbẹBinhost

Má mikàn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Gentoo ti ní binhost, ìyẹn ibi ìkópamọ́ pákéèjì tí wọ́n ti kọ̀ǹpáìlì sílẹ̀, fún amd64. Ibẹ̀ lo máa ti mú mpfr, gcc ò ní í kàn án rárá.

Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀: x86-64 àti x86-64-v3. V3 ń fẹ́ AVX2 (àwọn àṣẹ tó wà nínú CPU tó tuntun jù ú lọ), i5-3320M rẹ kò sì ní in. Bí o bá mú v3, `Illegal instruction` ni wàá máa rí. Bí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí i:

```
/lib64/ld-linux-x86-64.so.2 --help | grep supported
```

Wàá rí v2, o ò ní rí v3. Nítorí náà, nínú /etc/portage/binrepos.conf/gentoobinhost.conf:

```
[gentoobinhost]
priority = 9999
sync-uri = https://distfiles.gentoo.org/releases/amd64/binpackages/23.0/x86-64/
```

Rí i pé àago ti tọ́, lẹ́yìn náà:

```
getuto
emerge --oneshot --getbinpkg --usepkgonly dev-libs/mpfr
gcc --version
emerge --oneshot --getbinpkg media-libs/libpng
```

`getuto` ló ń ṣètò kọ́kọ́rọ́ tí Portage fi ń yẹ òǹtẹ̀ pákéèjì wò. `--usepkgonly` ń rí i dájú pé Portage kò ní fà sẹ́yìn lọ sí kọ̀ǹpáìlì. `gcc --version` lè dáhùn kí cc1 ṣì kú, nítorí náà kọ fáìlì C kékeré kan kí o sì kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ kó lè dá ọ lójú. Bó bá jẹ́ Python tàbí Portage fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, USB tó ń búùtù àti stage3 (ìpìlẹ̀ Gentoo tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀) lo máa nílò, àmọ́ ìwọ kò tíì dé ibẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí binhost máa wà ní títàn títí lórí ẹ̀rọ yẹn:

```
FEATURES="ccache getbinpkg binpkg-request-signature"
```

O ò sọ Gentoo di nǹkan mìíràn nítorí ìyẹn. Ohun tó o bá yí USE rẹ̀ padà, Portage á kọ̀ǹpáìlì rẹ̀. Ohun tí o kò fọwọ́ kàn, á mú un wá ní ṣíṣe tán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ `-jumbo-build` tí ẹ̀gbọ́n Owé sọ, bí binhost bá ti wọlé. Bí USE bá ti yàtọ̀ sí ti ibẹ̀, webkit-gtk á tún padà sí kọ̀ǹpáìlì, ohun tí a sì ń sá fún nìyẹn. Yọ gbogbo USE tí kò ní ìdí pàtó kúrò nínú make.conf rẹ, kí o sì máa wo `emerge -pv` kó o tó tẹ Yes: `[binary]` ni èyí tó ti wà ní ṣíṣe, `[ebuild]` ni èyí tí ẹ̀rọ rẹ máa ṣe.

Nípa yíyàn:

Kernel, mú sys-kernel/gentoo-kernel-bin. Gentoo-sources dára fún ẹni tó mọ gbogbo ohun èlò inú ẹ̀rọ rẹ̀ tó sì ní àsìkò. Tìrẹ ń fi WiFi hàn pé nǹkan kan kù. Bí iwlwifi bá wà nínú kernel gẹ́gẹ́ bíi `=y`, tí kì í ṣe `=m`, á máa wá firmware (kóòdù tí káàdì WiFi fúnra rẹ̀ nílò) kí dísìkì tó ṣí, kò sì ní rí i, bó tilẹ̀ wà ní /lib/firmware. Kernel-bin ń lo módùlù, ọ̀rọ̀ náà á sì tán síbẹ̀.

```
# /etc/portage/package.use/installkernel
sys-kernel/installkernel dracut grub

# /etc/portage/package.license
sys-kernel/linux-firmware @BINARY-REDISTRIBUTABLE
```

Lẹ́yìn náà, `emerge --ask sys-kernel/linux-firmware sys-kernel/gentoo-kernel-bin`. Installkernel á ṣe initramfs (ètò kékeré tí kernel kọ́kọ́ ń lò nígbà búùtù), á sì tún grub.cfg ṣe fúnra rẹ̀. Má yọ kernel àtijọ́ títí tuntun á fi búùtù.

Bíráúsà: má kọ̀ǹpáìlì Chromium lórí RAM 8GB. www-client/firefox-bin tó fún iṣẹ́ fọ́ọ̀mù. Bí ojúlé kan bá fi dandan béèrè Chrome, www-client/google-chrome ti wà ní ṣíṣe tán. Fún títẹ ìwé, app-office/libreoffice-bin. Bí ohun kan bá ń fẹ́ Rust, fi dev-lang/rust-bin sílẹ̀ kí Portage má bàa gbé rust fúnra rẹ̀ ka iná.

Init: dúró sórí OpenRC. XFCE kò ní wàhálà kankan níbẹ̀ bí elogind àti dbus bá wà (`rc-update add elogind boot`, `rc-update add dbus default`). Kíkó lọ sí systemd á yí USE ọ̀pọ̀ pákéèjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ kò dúró.

---

BúnúLog

Mo fara mọ́ ọn pé kó má kó lọ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi systemd sílẹ̀ láìsọ ohun tó dára nínú rẹ̀, torí àwọn míì á ka ọ̀rọ̀ yìí. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, tó sì fẹ́ GNOME, stage3 desktop-systemd ló rọrùn jù. Àǹfààní tó tóbi níbẹ̀ fún ẹni tó ń wá ìdí ìṣòro ni `journalctl -k -b -1`, tó ń fi ohun tí kernel sọ nígbà búùtù tó kọjá hàn.

Lórí OpenRC, bí ẹ ò bá gbé lọ́gà kankan sórí ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí dmesg mọ̀ nípa OOM (`Out of memory`) á bá iná lọ. Ẹ gbé app-admin/sysklogd sí i, kí ẹ ṣe `rc-update add sysklogd default`, ẹ óò sì máa rí i ní /var/log. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí nínú ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbé sórí ẹ̀rọ.

---

ÌyàráDátà

Ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ àfi ti dátà, owó sì wà níbẹ̀.

Linux-firmware ju ọgọ́rùn-ún MB mélòó kan lọ. Bó bá jẹ́ pé WiFi nìkan ló kù báyìí, tí WiFi yín sì jẹ́ Centrino Advanced-N 6205 (`lspci -k` á sọ ọ́), fáìlì kan ṣoṣo ló ń wá: iwlwifi-6000g2a-6.ucode. Kò tó 1MB. Ẹ fi fóònù dáńlóòdù rẹ̀ láti ibi ìkópamọ́ linux-firmware lórí kernel.org, ẹ gbé e sí /lib/firmware, kí ẹ ṣe `modprobe -r iwldvm iwlwifi; modprobe iwlwifi`. Tó bá jẹ́ `=y` ni iwlwifi, ẹ dúró de kernel-bin. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tí dátà pọ̀, ẹ gbé linux-firmware gidi sórí ẹ̀rọ. Bí Portage bá bá fáìlì yẹn níbẹ̀ tó sì sọ pé ìjà wà, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún àṣẹ náà pè.

USB tethering (fífi wáyà USB gba íntánẹ́ẹ̀tì fóònù): fóònù Android tó pọ̀ jù ń lo rndis_host, àwọn tuntun kan ń lo cdc_ncm. Bí `ip link` kò bá fi ojú tuntun hàn lẹ́yìn tí ẹ bá tan tethering, ó ṣeé ṣe kí `CONFIG_USB_NET_RNDIS_HOST` tàbí `CONFIG_USB_NET_CDC_NCM` má sí nínú kernel tí ẹ fọwọ́ ṣètò. Gentoo-kernel-bin ní méjèèjì.

Ẹ ya dáńlóòdù sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́. Lálẹ́, tí nẹ́tíwọọ̀kì bá dára:

```
emerge --fetchonly -uDN @world
```

Ó ń bá dáńlóòdù tó gé lọ láti ibi tó dé. Lọ́jọ́ kejì, tí iná bá dúró, ẹ ṣe emerge gangan láìsí dátà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnìkan bá yín dáńlóòdù níbòmíràn, bíi ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́jà, `emerge -pf -uDN @world 2> akojo.txt` tàbí `> akojo.txt` á kọ àwọn ìjápọ̀ sílẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n bọ́ sí nínú méjèèjì. Fáìlì orísun tí wọ́n bá kó wá lórí flash, inú /var/cache/distfiles ni kí ẹ dà á sí. Portage á yẹ àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ wò kó tó lò ó, nítorí náà fáìlì tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà kò lè pa yín lára.

Fún sync, `emerge --sync` ti rsync ń mú kìkì ohun tó yí padà. `emerge-webrsync` ń mú odindi ìkójọ ọjọ́ náà wá ní gbogbo ìgbà. Ó dára bí ẹ bá ti pẹ́ gan-an láì ṣe sync, tàbí bí nẹ́tíwọọ̀kì bá ń di rsync lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó fún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ, torí ìjà slot (ẹ̀dà pákéèjì tí kò bára mu) á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Portage á sì máa sọ pé kí ẹ fi `--backtrack` kún un.

Bí láptọ́ọ̀pù kejì bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi rsync kó /var/cache/distfiles láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ má kó pákéèjì tí ẹ fi `-march=native` ṣe lọ sórí CPU tó yàtọ̀.

Ohun kan tún wà fún ẹni tó ń tẹ ìwé Yorùbá fún àwọn oníbàárà: `setxkbmap ng yoruba` á gbé àtẹ bọ́tìnnì tó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wá, láìfi ohunkóhun kún ẹ̀rọ. Ẹ fi sínú Session and Startup ti XFCE kó lè máa wọlé fúnra rẹ̀.

---

ỌmọÌsánlú

Mpfr ti wọlé láti binhost, fáìlì C kékeré náà kọ̀ǹpáìlì, libpng náà ti tọ́. `equery depends` fi hàn pé ohun èlò ìkàwé ìrànlọ́wọ́ kan ló pe webkit-gtk wá. Ṣé kí n yọ ọ́ kí n tó ṣe @world (sísọ gbogbo ẹ̀rọ di tuntun), àbí lẹ́yìn rẹ̀?

---

Ẹ̀gbọ́nOwé

Kó o tó ṣe é. `emerge --deselect` pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà:

```
emerge -avuDN --with-bdeps=y @world
emerge --ask --depclean
emerge @preserved-rebuild
dispatch-conf
```

Ka àkójọ tí depclean bá mú wá dáadáa kó o tó gbà. Bí o bá rí kernel tó o ń lò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kọ̀, kí o kọ́kọ́ búùtù gentoo-kernel-bin. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ṣe `qcheck -B` lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ohun tó bá jáde bá jẹ́ fáìlì /etc nìkan, ẹ̀rọ náà ti mọ́.